Ilé Kọ́ Ni Kí Á Wò Kí Á Tó Sọ Ìwé Lórúkọ

 

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ní Abíọ́dún, Abíọ́nà, Ìdòwú àti Babátúndé. Orúkọ ń sọ ìgbà tí ọmọ dé, ibi tí wọ́n bí i sí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé. A kò bá àwọn àgbà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé tí a ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èrò tiwa ni pé òdìkejì òwe yìí ló yẹ kí á máa ṣe. Ìwé tí a bá wo ilé rẹ̀ kí á tó sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ tí ilé bá wó ni orúkọ kú, ẹni tó bá sì fi orúkọ náà wá ìwé kò ní rí i mọ́. Ìdí tí a fi gbà bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ṣe sí i, ni a fẹ́ bá yín sọ lójú ìwé yìí.

Ohun tí ojú wa rí

Ọmọ Manigri ni wá, ní kọ̀múnù Bassila. Ní ìlú Bassila gan-an, èdè Anii ni èdè àwọn onílé. Lọ́dọ̀ tiwa ní Manigri, èdè Nago ni à ń sọ, ọ̀kan lára àwọn èdè tó bá Yorùbá tan. Ìwé tí wọ́n kọ lórí èdè náà kò pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa kan ní kí á ṣe iṣẹ́ lórí ohùn, inú wa dùn pé àkójọ ọ̀rọ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ lẹ́nu bàbá àgbà kan nílùú wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ohùn bàbá náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wa ló lò ó.

Nígbà tí a dé kíláàsì, àwọn méjì nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọ̀kan ní ohùn òkè ló wà lórí sílébù kejì ọ̀rọ̀ kẹtàdínlógún. Èkejì ní rárá, ohùn àárín ni. Àdírẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì kọ sísàlẹ̀ iṣẹ́ wọn, àmọ́ ọ̀kan ka àkójọ náà ní oṣù kọkànlá, èkejì kà á ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ní kí á ṣí i kí gbogbo wa gbọ́. A ṣí i, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni a bá níbẹ̀. Ẹni tó ni àdírẹ́sì náà kò san owó ọdún rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn sì ti rà á. Nígbà tí a fi máa béèrè nílé, bàbá àgbà náà ti di olóògbé.

Títí di òní, a kò mọ ẹni tó jàre. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jàre, bí ẹni tó ni àkójọ náà bá ti tún un ṣe láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ kò fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ní máàkì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹ̀rí tí ẹlòmíràn kò lè yẹ̀ wò kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Harvard yẹ àwọn àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí nínú ìdájọ́ wọn wò. Nǹkan bí ìdajì nínú wọn ni kò mú ènìyàn dé ibi ohun tí adájọ́ tọ́ka sí mọ́. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew sọ pé nínú àwọn ojú-ewé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013, 38 nínú 100 ló ti pòórá nígbà tó fi di 2023. Bí ohun tí adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà tọ́ka sí bá lè sọnù báyìí, kí ni ti àkójọ ọ̀rọ̀ Manigri ò ní ṣe?

Àdírẹ́sì kì í ṣe orúkọ

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a fi àdírẹ́sì ṣe orúkọ. Àdírẹ́sì ń sọ ibi tí nǹkan wà, orúkọ ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Bí àlejò bá wọ Manigri tó ń béèrè ilé ẹnì kan, a ó ní kó kọjá mọ́ṣáláṣí, kó yà sí ọ̀tún lábẹ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n bá gé igi náà lọ́la, júwe-júwe wa ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí àlejò ń wá ṣì wà láàyè nínú ilé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ó ń sọ orúkọ kọ̀ǹpútà tí ìwé wà nínú rẹ̀, ó ń sọ àpò tí wọ́n fi í sí, ó ń sọ orúkọ fáìlì àti irú fáìlì tó jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló lè yí padà: wọ́n lè ta kọ̀ǹpútà, wọ́n lè tún àpò tò, olùkọ́ tó ni ojú-ewé náà lè fẹ̀yìntì. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá ìtàkùn yìí sílẹ̀, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1998. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé àdírẹ́sì kì í ṣàdédé yí padà, àwa ènìyàn ni à ń yí i padà. Kò sí àrùn kan tó ń pa á ju àìbìkítà wa lọ.

Àwa tí a fi Faransé kàwé láti kékeré, identifiant pérenne ni a gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní orúkọ àlòpẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni orúkọ tí ìwé yóò máa jẹ́ níbikíbi tó bá kó lọ. A mọ irú rẹ̀ dáadáa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà, òpópónà wa mìíràn kò sì lórúkọ, síbẹ̀ lẹ́tà ń dé, nítorí BP. Ènìyàn lè kó kúrò ní àdúgbò kan lọ sí òmíràn nígbà mẹ́ta, BP rẹ̀ ní ilé-ìfìwéránṣẹ́ kò yí padà. Ẹni tó kọ lẹ́tà kò nílò láti mọ ibi tó ń sùn.

Bí orúkọ àlòpẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kan wà láàárín tó ní ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́: orúkọ lápá kan, àdírẹ́sì tòní lápá kejì. Bí ìwé bá kó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò pa àdírẹ́sì àná rẹ́, yóò kọ tòní síbẹ̀. Orúkọ tí àwa ti tẹ̀ sínú mémoire wa kò ní yí padà.

Orúkọ tó ń sọ̀rọ̀ jù

Àṣìṣe kejì ni pé a fẹ́ràn orúkọ tó nítumọ̀. Bí wọ́n bá ní kí á fún fáìlì lórúkọ, a ó kọ ìlú, a ó kọ ọdún, a ó kọ èdè, a ó tún fi orúkọ olùkọ́ kún un. Ó dùn ún kà, àmọ́ kì í pẹ́.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀. Nínú ètò ISO tó ń fún àwọn orílẹ̀-èdè ní lẹ́tà méjì-méjì, DY ni wọ́n fún wa, nítorí Dahomey ni à ń jẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, Dahomey di Benin. Ní 1977, wọ́n fa DY tì, wọ́n fún wa ní BJ. Ilẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, àwọn ènìyàn kò yí padà, ṣùgbọ́n nítorí pé inú orúkọ ni wọ́n ti yọ lẹ́tà náà, orúkọ yí, lẹ́tà sì bá a yí. Ti Yugoslavia tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: orílẹ̀-èdè náà túká, nígbà tó sì di 2010, gbogbo àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó parí sí .yu ni wọ́n pa.

Ẹ tún wo ìlú wa. Abẹ́ Atacora ni Manigri wà tẹ́lẹ̀. Òfin tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 1999 sọ ẹ̀ka mẹ́fà orílẹ̀-èdè wa di 12, Bassila àti Manigri sì bọ́ sí Donga. Bí ẹnì kan bá ti sọ ìwé rẹ̀ ní "Atacora-Manigri-3" ní 1990, irọ́ ni orúkọ náà ń pa láti 1999, ẹni tó bá sì ń wá ìwé lórí Donga lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nítòsí, tó kan èdè wa gan-an. Nínú ètò ISO 639-3 tó jáde ní 2007, tí SIL ń bójú tó, xkb ni lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fún èdè Nago ti Manigri àti ti Kambolé ní Tógò. Orúkọ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Ede Nago, Manigri-Kambolé. Nígbà tó yá wọ́n yí i sí Northern Nago. Àwọn mìíràn ń pè é ní Nagot, àwọn mìíràn sì ń kó gbogbo wa pọ̀ sábẹ́ Yorùbá. Ó lè máà tẹ́ wa lọ́rùn pé wọ́n pín èdè wa báyìí, ọjọ́ tiwọn wà fún àríyànjiyàn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orúkọ yí, xkb kò yí. Kí ló dé? Nítorí pé xkb kò sọ ohunkóhun tó lè di irọ́. Òfin ètò náà tún ni pé bí wọ́n bá fa lẹ́tà mẹ́ta kan tì, wọn kò gbọ́dọ̀ fún èdè mìíràn láéláé.

Kò yẹ kí èyí ya akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ́nu. Ní ọdún kìíní ni a ti ka Ferdinand de Saussure, ẹni tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní 1916 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní kò sí ohun àbáláyé tó so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, àdéhùn àwọn tó ń sọ èdè ló so wọ́n. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀, kí ló dé tí a kò gbà á fún orúkọ fáìlì?

Ìlérí ni orúkọ

Bí ó bá jẹ́ àdéhùn ni, ta ló wà nídìí àdéhùn náà? Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ni yóò mú orúkọ pẹ́. Ẹ̀rọ kò lè ṣe é. Ènìyàn tó ṣèlérí, tó sì ń mú ìlérí ṣẹ, ló lè ṣe é.

Oríṣiríṣi ètò ló wà. DOI ni èyí tí a ń rí jù lọ lábẹ́ àwọn àpilẹ̀kọ ìwádìí. Ó gbéra ní òpin àwọn ọdún 1990, Crossref tó ń forúkọ àpilẹ̀kọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2000, DataCite tó ń ṣe ti dátà bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ètò kejì ni ARK, tí John Kunze gbé kalẹ̀ ní 2001. Ilé-ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé ń lo ARK fún àwọn ìwé tó wà nínú Gallica, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ka ìwé àtijọ́ lórí Dahomey. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ẹ ó rí ark:/12148/ tí lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tẹ̀ lé. 12148 ni nọ́ńbà ilé-ìkàwé náà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni orúkọ ìwé, kò sì nítumọ̀ kankan.

Ohun tó wù wá nínú ARK ni pé ó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìlérí ni orúkọ. Ìlànà rẹ̀ ni pé ó yẹ kí ènìyàn lè fi orúkọ náà béèrè ohun mẹ́ta: ìwé fúnra rẹ̀, àlàyé nípa ìwé, àti ìlérí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni náà lè sọ pé òun yóò pa ìwé náà mọ́ láìyí lẹ́tà kan padà. Ó sì lè sọ pé òun yóò máa tún un ṣe. Èyíkéyìí tó bá sọ, òǹkàwé mọ ibi tí òun dúró. Bí àkójọ ọ̀rọ̀ Manigri bá ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀, a kì bá tí jiyàn.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé òun náà ni?

Àṣìṣe kẹta ni pé a kò ní ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹ̀wò méjì ló wà, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀.

Èkíní ni bóyá a kọ orúkọ náà dáadáa. Ẹni tó ń da orúkọ kọ láti inú ìwé lè gbé nọ́ńbà méjì fún ara wọn. Oògùn rẹ̀ ni lẹ́tà ìṣàyẹ̀wò ní ìparí orúkọ, bí èyí tó wà ní ìparí ISBN ẹ̀yìn ìwé. Àwọn tó ń lo ARK sábà máa ń lo àmì 29: nọ́ńbà 0 sí 9, àti kọ́ńsónáǹtì 19. Kò sí fáwẹ́lì níbẹ̀, kí lẹ́tà má baà ṣèèsì di ọ̀rọ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ èébú. Wọ́n yọ l náà kúrò nítorí ó jọ 1.

Ẹ jẹ́ kí á gbìyànjú ọgbọ́n náà pẹ̀lú 40726. Ẹ fi ipò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀: 4 lọ́nà 1 jẹ́ 4, 0 lọ́nà 2 jẹ́ 0, 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21, 2 lọ́nà 4 jẹ́ 8, 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63. Bí a bá fi 29 pín in, yóò ṣẹ́ku 5. Nítorí náà orúkọ wa di 407265. Bí ẹnì kan bá wá gbé 7 àti 2 fún ara wọn tó kọ 402765, àpapọ̀ nọ́ńbà márùn-ún àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 68, yóò ṣẹ́ku 10, lẹ́tà b ló sì wà nípò 10, kì í ṣe 5. Kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ẹni tó ní bébà àti bírò náà lè mọ̀ ọ́n.

Ìyẹ̀wò kejì ni bóyá ìwé tí a rí ni ìwé tí wọ́n tọ́ka sí. Fún ìyẹn, ìtẹ̀ka ìwé la nílò. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní SHA-256 tó ń ka gbogbo fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì ń mú àmì 64 jáde. Bí a bá yí ààmì ohùn kan péré padà nínú fáìlì, àmì 64 náà yóò di òmíràn pátápátá. Ẹni tó kà á ní oṣù kọkànlá ìbá kọ ìtẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó kà á ní oṣù kejì ìbá kọ tirẹ̀, a ò bá sì ti mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan pé ìwé méjì ni wọ́n kà. Ẹ máa kọ irú ìṣirò tí ẹ lò síbẹ̀ o, nítorí ìṣirò náà ń darúgbó: wọ́n ti rí ọ̀nà àyédèrú sí MD5 ní 2004, wọ́n sì rí ti SHA-1 ní 2017.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí àwọn tó ṣe ìṣirò yìí kì í sábà rò, àwa ni ó sì kàn. Lẹ́tà ọ́ tiwa yìí, ọ̀nà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́. Ó lè kọ o, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó wá fi ohùn sí i. Ó lè fi ohùn ṣáájú àmì ìsàlẹ̀. Ó lè mú ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, kó fi ohùn lé e. Ó sì lè mú ó gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kó fi àmì sísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú SHA-256, mẹ́rin ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè ní ìwé kan náà lọ́wọ́, kí ìtẹ̀ka wọn máà bára mu, kí wọ́n sì máa pe ara wọn ní ayédèrú. Ọ̀nà àbáyọ wà: Unicode ní ìlànà kan tó ń jẹ́ NFC tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kẹta. Kí á tó tẹ ìka fún ìwé Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé e gba NFC.

Àkọtọ́ ti Benin tún wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ níbí yóò kọ ɔ àti ɛ níbi tí ará Nàìjíríà ti ń kọ ọ àti ẹ. Kò sí ìlànà Unicode tó sọ pé ɔ àti ọ jẹ́ ọ̀kan náà. Èrò tiwa ni pé kí á má gbìyànjú láti fi tipátipá sọ wọ́n di ọ̀kan. Kí iṣẹ́ náà ní orúkọ kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ orúkọ náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtẹ̀ka tirẹ̀.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa

A ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ kan sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní kí ni à ń dààmú sí, ṣebí Google yóò wá a jáde. Google lè wá ohun tó ṣì wà. Kò lè wá ohun tó ti kúrò. Bí ó bá sì rí ìwé mẹ́ta tó jọra, kò lè sọ èyí tí ẹ kà ní oṣù kọkànlá fún yín.

Àwọn kan ní Internet Archive ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ènìyàn náà ń ṣe láti 1996, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ojú-ewé tí ẹ̀rọ wọn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pa mọ́. A wá àkójọ Manigri lọ́dọ̀ wọn. A rí ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, a kò rí fáìlì ohùn kankan.

Àwọn kan ní owó ni ọ̀rọ̀ yìí, pé ti àwọn yunifásítì olówó ni. Lóòótọ́, DOI ń gba owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2023 Crossref ní ètò kan tí kò gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tówó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. ARK ní tirẹ̀ kì í gba owó láti fún ilé-iṣẹ́ ní nọ́ńbà. Àwọn tó ti gbà á ti ju 1,000 lọ. NFC àti SHA-256, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ohun tó wọ́n lọ́wọ́ wa ni ẹni tí yóò jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́dọọdún.

Àtakò kan wà tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ tì. Ìyá kan ní Manigri bi wá léèrè pé bí ẹ bá fún ohùn mi ní orúkọ tí kò lè kú, tí mo bá wá fẹ́ kí ẹ pa á rẹ́ ńkọ́? Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Èsì wa ni pé kí nǹkan lórúkọ kò túmọ̀ sí pé gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Orúkọ lè wà kí ìwé wà nínú àpótí. Bí onílé bá sì ní kí á mú un kúrò, a ó mú un kúrò. Orúkọ nìkan ni yóò kù, pẹ̀lú ìlà kan tó sọ pé àwọn onílé ló ní kí á gbé e kúrò, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fún nǹkan mìíràn ní orúkọ náà mọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe kí ọdún ẹ̀kọ́ yìí tó parí.

Èkíní, kí gbogbo àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn wa yìí, gbogbo mémoire, àti gbogbo ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ ní abúlé gba nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ìṣàyẹ̀wò. Kí á má fi ìlú, ọdún tàbí orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Ìyẹn yóò wà nínú àlàyé tó tẹ̀ lé e.

Èkejì, kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà, nínú kọ̀ǹpútà àti nínú kàyé gidi, tí a ó kọ nọ́ńbà, olùkọ̀wé, ọjọ́, ìtẹ̀ka àti ibi tí fáìlì wà sí. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú tí a ti gba ohùn náà. Ohùn ará Manigri kò gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ibi àyàfi Manigri.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kó má fi tuntun bo àtijọ́ mọ́lẹ̀. Kó pe tuntun ní ẹ̀dà kejì, kí ẹ̀dà kìíní wà níbi tó wà. Kò sí ìtìjú nínú àtúnṣe. Ìdààmú wà nínú àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó le jù: kí á kọ ìlérí sílẹ̀. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yóò gboyè, a ó sì túká. Ta ni yóò gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ wa? A dábàá kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa fi lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́ níṣojú ọ̀gá ilé-ìkàwé ẹ̀ka wa, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Nígbà tí a bá ti ṣe é fún ọdún méjì láìjá, kí á wá kọ̀wé béèrè nọ́ńbà ARK. Kí á má ṣe béèrè kó tó dìgbà yẹn, nítorí ẹni tí kò lè tọ́jú kàyé kan kò lè tọ́jú orúkọ.

Àwọn mìíràn ló fún èdè wa ní xkb láì sí àwa níbẹ̀. A kò bínú sí wọn, iṣẹ́ tó yẹ kó di ṣíṣe ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé inú èdè náà, ohùn àwọn bàbá àti ìyá wa, bí a bá tún dúró kí àwọn mìíràn wá bá wa sọ ọ́ lórúkọ, ó lè jẹ́ pé kò ní sí ohun tó kù láti sọ lórúkọ. A pàdánù bàbá kan, a sì pàdánù ohùn rẹ̀ mọ́ ọn. Ìkíní kò sí lọ́wọ́ wa. Èkejì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ fún ìwé ìròyìn tó ń bọ̀. Ire o.